Àwọn Kọ́ọ̀ṣì Àtijọ́ ti Rélùwéè Wa: Bí A Ṣe Ń Wádìí Wọn àti Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Wọn

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìjọ àti àwọn àlejò ní Awóyáyá, ní ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún)

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ohun àtijọ́, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò retí pé n óò sọ̀rọ̀ nípa àga ìjókòó, ìwé ìrìbọmi àti agogo. Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀ṣì rélùwéè ni mo mú wá, èyíinì ni ilé pákó tàbí ilé irin tí àwọn arìnrìn-àjò ń jókòó sí nínú ọkọ̀ ojú irin. Ẹlòmíràn lè béèrè pé, kí ni ó kan Awóyáyá nínú ọ̀ràn náà? Láyé àwọn baba wa, ọ̀sà ni ọ̀nà wa, ọkọ̀ ojú omi ni ẹsẹ̀ wa, ojú irin kò sì dé ìhà ìhín rí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ti ìhín lọ sí Abẹ́òkúta, sí Ìbàdàn tàbí sí Òṣogbo nígbà náà, ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé e dé Èkó, rélùwéè ni yóò sì gbé e láti Ìddó lọ. Àti pé ìjọba Èkó ti ń gbèrò láti la ojú irin kan láti Marina wá sí ìhà Lẹ́kí tiwa yìí. Kí tuntun tó dé bá wa, ó tọ́ kí a mọ ohun tí ó ṣáájú rẹ̀.

Bí a bá ti dárúkọ rélùwéè, ẹ́ńjìnì ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ènìyàn. Ó ní ariwo, ó ní èéfín, àwọn ọmọdé a sì máa sáré tẹ̀lé e. Kọ́ọ̀ṣì kò ní irú ògo bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, inú kọ́ọ̀ṣì ni àwọn ènìyàn wà. Bí a bá ní kí n yan ẹyọ kan ṣoṣo tí a ó gbà là nínú gbogbo ohun tí rélùwéè ní, èmi kò ní mú ẹ́ńjìnì, n kò sì ní mú kọ́ọ̀ṣì tí gómìnà ń gbé inú rẹ̀. Kọ́ọ̀ṣì ipò kẹta ni n óò mú, èyí tí ó ní bẹ́ńṣì pákó lásán, nítorí pé níbẹ̀ ni àwọn baba àti ìyá tiwa jókòó sí, pẹ̀lú ẹrù wọn, adìẹ wọn àti ọmọ wọn lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí bí ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìhà Èkó. Ní ọjọ́ 4 oṣù March, ọdún 1901, Gómìnà William MacGregor ṣí i dé Ìbàdàn, ìrìn nǹkan bí 120 máìlì. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Jẹ́bà ní 1909, nígbà tí ó sì di 1912, ènìyàn lè ti Èkó bá a lọ dé Kánò. Ẹ kíyè sí i pé afárá Jẹ́bà kò tí ì parí nígbà náà. Ọdún 1916 ni ó parí. Kí ó tó parí, ọkọ̀ ojú omi kan tí a tẹ́ irin sí orí rẹ̀ ni ó ń gbé àwọn kọ́ọ̀ṣì kọjá odò Ọya. Èmi kò lè rò ó láìrẹ́rìn-ín: ọkọ̀ ilẹ̀ wọ ọkọ̀ omi! Àwọn baba wa tí ó mọ ọ̀sà yìí bí ẹni mọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ì bá ti rí i pé iṣẹ́ àwọn ni àwọn òyìnbó wá kọ́ ní Jẹ́bà. Nínú Èkó pàápàá, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ti rìn rí, láti 1902 títí di 1933. Láti Ìddó ni ó ti ń gba orí Afárá Carter wọ Erékùṣù. Bí ẹ bá dúró ní Ìdúmọ̀tà lónìí tí ẹ sì bi àwọn tí ń kọjá, mo ṣiyèméjì bóyá ẹ óò rí ẹni mélòó tí ó gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Bí ohun tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ti í parẹ́ kúrò nínú ìrántí ìlú nìyẹn.

Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà ni a kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá rélùwéè sí. Ẹ̀yin àlùfáà mọ ìtàn ibẹ̀ jù mí lọ. Ibẹ̀ ni àwọn Onígbàgbọ́ tí Ìfọ́lé ọdún 1867 lé kúrò ní Abẹ́òkúta wá tẹ̀dó sí, lórí ilẹ̀ tí Glover, tí ń ṣe olórí Èkó nígbà náà, fi fún wọn. Kò tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà tí ojú irin fi dé, ó sì bá àwọn ènìyàn tí ó mọ ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni rélùwéè àti Ìjọ ti jọ ń rìn. Nígbà tí àwọn akọ̀wé, gáàdì àti gbẹ́nàgbẹ́nà ọmọ Yorùbá bá ojú irin lọ sí Mínà, Sàríà, Kánò àti Jọ́ọ̀sì, wọ́n gbé Bíbélì àti ìwé orin dání. Ọ̀pọ̀ ìjọ wa ní Òkè Ọya ni ó bẹ̀rẹ̀ láti inú yàrá irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Inú kọ́ọ̀ṣì ipò kẹta ni àwọn ìwé orin náà gbà dé ibẹ̀.

Báyìí ni a ti ṣe kọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ férémù irin tí ó jókòó lórí ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní kẹ̀kẹ́ irin mẹ́rin. Lórí férémù yìí ni a kọ́ ilé pákó sí. Igi tíìkì ni wọ́n fẹ́ràn, nítorí pé ikán kì í tètè jẹ ẹ́, omi kì í sì í tètè ba á jẹ́. Òrùlé jẹ́ pákó tí a fi aṣọ kánfáàsì bò tí a sì fi ọ̀dà kùn. Àwọn mìíràn ní òrùlé méjì, ọ̀kan lórí èkejì, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn kọjá, kí oòrùn má baà sun àwọn tí ó wà nínú. Fèrèsé ní pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a dẹ̀ sílẹ̀, tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ṣùgbọ́n tí òjò kò lè gbà. Láti London ni àwọn Crown Agents ti ń ra irú nǹkan báyìí fún ìjọba ilẹ̀ wa. Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà ni a ti ń tún wọn ṣe, tí a ń pààrọ̀ pákó wọn, tí a sì ń kùn wọ́n ní ọ̀dà tuntun.

Nísinsìnyí, báwo ni ènìyàn ṣe ń wádìí kọ́ọ̀ṣì? Kí ó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé èyí kò yẹ ẹni tí ó wọ agbádá, ṣùgbọ́n abẹ́ ni òtítọ́ wà. Ara férémù ni àwo irin máa ń wà, tí a kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é sí, pẹ̀lú ọdún. Bí àwọn olè bá ti tú àwo náà lọ, ó ṣeé ṣe kí a rí nọ́ńbà tí a fi òòlù tẹ̀ sí ara irin. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí. Nígbàkígbà tí kọ́ọ̀ṣì bá wọ ilé iṣẹ́, wọn a máa yọ kẹ̀kẹ́ abẹ́ rẹ̀, wọn a sì fi ti òmíràn sí i. Nítorí náà ọdún tí ó wà lára kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí ọdún tí a ṣe kọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí ó bá ka ọjọ́ orí ènìyàn láti ara bàtà rẹ̀ ni ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn irin, ọ̀dà. A ó wá ibi kọ́lọ́fín kan tí oòrùn kò dé, bí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, a ó sì máa ha ọ̀dà náà díẹ̀díẹ̀, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn, títí a ó fi kan igi. Gbogbo àwọ̀ tí kọ́ọ̀ṣì náà ti wọ̀ láyé rẹ̀ yóò hàn bí àkàsọ̀. Nígbà mìíràn a ó rí lẹ́tà tí a kọ tẹ́lẹ̀ rí, tí ó ń sọ fún wa pé yàrá tí a pè ní ipò kejì yìí, ipò kìíní ni tẹ́lẹ̀. Kí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí fi aṣọ bo imú rẹ̀, kí ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó jẹun, nítorí òjé wà nínú ọ̀dà àtijọ́, májèlé sì ni. Nínú ògiri àwọn kọ́ọ̀ṣì irin tí ó wá lẹ́yìn, ẹ̀rù àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì ń bẹ. Ẹni tí kò bá kọ́ iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ tú u.

Lẹ́yìn ọ̀dà, ìwé. Ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba wà ní Ìbàdàn, lórí ilẹ̀ Yunifásítì. Ní Kew lẹ́bàá London pẹ̀lú, lẹ́tà tí àwọn gómìnà Èkó kọ ránṣẹ́ àti ìwé àwọn Crown Agents wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá ní sùúrù. Francis Jaekel, òyìnbó kan tí ó ṣiṣẹ́ rélùwéè ní ilẹ̀ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ ìtàn rẹ̀ sí ìwé ńlá mẹ́ta tí a tẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1997. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ̀ nípa rélùwéè wa kò lè kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kò tó, nítorí ẹni tí ó kọ ọ́ kì í jókòó sórí bẹ́ńṣì ipò kẹta. Àwọn tí ó fi ọwọ́ tún kọ́ọ̀ṣì ṣe mọ ohun tí kò sí nínú ìwé: irú igi tí a fi dípò tíìkì nígbà ogun tí ọkọ̀ òkun kò wá déédéé, orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pe irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà iṣẹ́ ní 1945 nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, tí Michael Imoudu jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn. Àwọn tí ó fi ojú ara wọn rí 1945 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn tí ó wọ iṣẹ́ ní àkókò Òmìnira, ní 1960, ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń lé mi sáré, ẹ̀yin ará. Irin lè dúró kí ó máa dípẹtà fún ogójì ọdún síwájú sí i. Àgbàlagbà kò lè dúró bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní, bí a kò bá bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá. Mo bu ọlá fún àrọ́bá, ṣùgbọ́n àrọ́bá kọ́ọ̀ṣì nílò ìdánwò. Ọmọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Prince of Wales, wá ní 1925, ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kánò. Ọbabìnrin Elizabeth wá ní 1956. Nítorí náà, bí ènìyàn bá rí kọ́ọ̀ṣì kan tí àga rẹ̀ rọ̀ díẹ̀ tí digí rẹ̀ sì mọ́, yóò ti sọ pé èyí ni ó gbé Ọba. Kí a má bá a jà. Kí a wo àwo irin: bí ó bá kà 1958, kò lè gbé ẹnikẹ́ni ní 1956. Bí ọdún rẹ̀ bá bá a mu, kí a wá fọ́tò àbẹ̀wò náà, kí a ka fèrèsé tí ó wà nínú fọ́tò, kí a ka èyí tí ó wà níwájú wa, kí a wo nọ́ńbà ara rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá fohùn ṣọ̀kan, a lè kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà. Bí wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan, kí a kọ ọ́ pé báyìí ni a gbọ́, kí a sì dárúkọ ẹni tí a gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní Áfíríkà ti ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní Nairobi, nínú ilé ohun àtijọ́ rélùwéè tí a ṣí ní 1971, kọ́ọ̀ṣì kan wà tí kìnnìún wọ inú rẹ̀ ní òru ní ọdún 1900, tí ó sì gbé ọ̀gá ọlọ́pàá rélùwéè kan, Charles Ryall, níbi tí ó ti sùn lọ. Ilé pákó lásán ni. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń ti ìlú òkèèrè wá dúró níwájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Freetown ni ó súnmọ́ ọkàn mi jù, ìlú tí ọ̀pọ̀ àwọn baba Ìjọ wa ti wá. Rélùwéè ibẹ̀ kú ní àárín ọdún 1970 sí 1975, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ mọ́ ohun tí ó ṣẹ́kù. Ogun abẹ́lé dé ní 1991. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé wọn sá wọ ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì ń gbé láàrin àwọn ẹ́ńjìnì àti kọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ogun parí ní 2002, ẹnikẹ́ni ì bá rò pé gbogbo rẹ̀ ti di pàǹtí. Ní 2004, ọ̀gágun òyìnbó kan, Steve Davies, wọ ibẹ̀, ó sì bá ẹ́ńjìnì àti kọ́ọ̀ṣì nínú eruku, nítorí pé òrùlé wà lórí wọn, àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ kò sì jẹ́ kí a tà wọ́n. Ní 2005 ni a ṣí i gẹ́gẹ́ bí ilé ohun àtijọ́. Kọ́ọ̀ṣì tí a ṣe nítorí àbẹ̀wò Ọbabìnrin ní 1961 wà níbẹ̀. Àwọn kọ́ọ̀ṣì mìíràn láti Sierra Leone, tí a ṣe ní Gloucester ní 1961, ti ré òkun padà lọ sí Wales ní 1975, níbi tí àwọn olùfẹ́ rélùwéè ti fi wọ́n gbé èrò láàrin Welshpool àti Llanfair. Ohun tí a ti jù nù nílé, àwọn mìíràn fi owó ọkọ̀ òkun lé e.

Òrùlé, ẹ̀yin ará! Òun ni ìdajì ìtọ́jú. Kọ́ọ̀ṣì tí a fi sí gbangba, omi òjò yóò gba kánfáàsì tí ó ti ya wọlé, yóò ṣàn gba inú ògiri, yóò sì dúró sí ìdí òpó pákó níbi tí ojú kò rí i. Igi ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹrà, ara òkè yóò sì máa dán. Irin ìdè inú rẹ̀ yóò dípẹtà, yóò wú, yóò sì la igi tí ó yí i ká. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ra ọ̀dà, kí ó kọ́kọ́ kọ́ ahéré páànù lé e lórí, kí ó gbá koríko abẹ́ rẹ̀ kúrò, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Ọ̀dà ni ó wù wá jù, nítorí pé ó máa ń hàn nínú fọ́tò ọjọ́ ìṣílé. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tí a kùn sórí igi tí ó tutù, ìbòjú òkú ni.

Nígbà tí àtúnṣe bá sì dé, kí a yọ ohun tí ó jẹrà nìkan. Bẹ́ńṣì tí ìdí ènìyàn ti jẹ wọnú, kí a má ṣe fá a kí ó tẹ́jú. Ìyẹn gan-an ni ìwé tí àwọn tí kò mọ ìwé kọ sílẹ̀ fún wa. Pákó tuntun tí a bá fi sí i, kí a tẹ ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí àwọn ọmọ wa má baà rò pé iṣẹ́ 1920 ni.

Nílé wa níbí, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ Legacy 1995, tí ayàwòrán ilé John Godwin wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀, tún ilé àtijọ́ kan ṣe nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, ilé tí a kọ́ ní 1898, wọ́n sì sọ ọ́ ní Jaekel House. Wọ́n kó fọ́tò àti irinṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ayé àtijọ́ sínú rẹ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ síbẹ̀. Kò jìnnà sí ibùdókọ̀ tuntun tí a sọ ní orúkọ Mobolaji Johnson, níbi tí ọkọ̀ tí a ṣí ní oṣù June 2021 ti ń lọ sí Ìbàdàn. Ìbú ojú irin tuntun náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ínǹṣì mẹ́jọ ààbọ̀. Ti àtijọ́ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ínǹṣì mẹ́fà. Kọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kò lè gun irin tuntun láé. Èyí ni ewu tí ó wà níbẹ̀: ohun tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, àwọn tí ń ra irin àlòkù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rántí rẹ̀.

Ẹnìkan yóò sọ pé, owó tí a ó ná lórí pákó jíjẹrà, ṣé kò sàn kí a fi ra oògùn sí ilé ìwòsàn? Ìbéèrè rere ni, n kò sì ní fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. A kò lè gba gbogbo kọ́ọ̀ṣì là, kò sì yẹ kí a gbìyànjú rẹ̀. Kí a gba mẹ́ta tàbí mẹ́rin là, èyí tí ìwádìí bá fi hàn pé ó ṣọ̀wọ́n tàbí pé ó sọ ìtàn tí òmíràn kò lè sọ. Ṣùgbọ́n kí a tó jẹ́ kí ìyókù lọ, kí a wọ̀n wọ́n, kí a ya fọ́tò wọn nínú àti lóde, kí a da nọ́ńbà wọn kọ, kí a sì tú àwo irin wọn pamọ́. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni fún ènìyàn méjì lórí kọ́ọ̀ṣì kan, owó rẹ̀ kò sì tó ti tábìlì oúnjẹ kan níbi àjọ̀dún yìí.

Nígbà tí Joṣua ní kí a kó òkúta méjìlá láti inú Jordani, nítorí ìbéèrè àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí ni. Ẹ ṣàkíyèsí pé òkúta nìkan kò tó. Ẹni tí yóò dáhùn ìbéèrè náà níláti wà níbẹ̀. Nínú ìjọ yìí, ó dá mi lójú pé àwọn kan wà tí baba wọn, baba ìyá wọn tàbí ọkọ wọn ṣiṣẹ́ rélùwéè kí wọ́n tó wá kọ́lé sí ìhà Lẹ́kí. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ yóò jókòó pẹ̀lú ìwé kan níbi tábìlì ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ẹ fún un ní orúkọ ẹni náà, iṣẹ́ tí ó ṣe, téṣàn tí ó wà, àti ọdún bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Bí òun fúnra rẹ̀ bá wà láàyè, a ó wá bá a nílé, kí ẹ má ṣe yọ ọ́ lẹ́nu láti wá. Ẹni tí ó bá ní tíkẹ́ẹ̀tì, fọ́tò, fèrè tàbí fìtílà gáàdì, ìwé ìfẹ̀yìntì, tàbí bọ́tìnnì aṣọ iṣẹ́, kí ó mú un wá kí a ya fọ́tò rẹ̀, a ó sì dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fọ bọ́tìnnì náà kí ó dán. Ẹ mú un wá bí ó ti wà.